Sànní, Ófátáìmù àti Eyín Iwájú Méjì

"Wo ìsàlẹ̀ ìwé yẹn dáadáa, Afeez. Wọ́n á ti gé e lẹ́ẹ̀mejì."

Ohun tí Sànní sọ fún un kẹ́yìn nìyẹn. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló wà, omi ń kán wọ apá rẹ̀, ìwé owó oṣù rẹ̀ sì wà lórí àyà rẹ̀. Afeez ti máa ń rò pé ẹni tó ń lọ máa ń súre, tàbí kó sọ ibi tó ri owó mọ́. Sànní ò súre. Kò sì ri owó kankan mọ́ ibì kankan. Owó orí ló ń bá jà.

Wọn ò gé e lẹ́ẹ̀mejì. Afeez wò ó lẹ́ẹ̀mẹta kó tó sùn. Ó fẹ́ lọ sọ fún un láàárọ̀. Nígbà tó débẹ̀, wọ́n ti ká aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ẹni tó bá fẹ́ mọ Sànní, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì ni yóò ti mọ̀ ọ́n.

Àbúrò ìyá Afeez ni. Òun ni àbíkẹ́yìn ìyá wọn ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọdún mọ́kànlá péré ló fi ju Afeez lọ, ìdí nìyẹn tí Afeez fi ń pè é ní Bọ̀ọ̀dá. Nígbà tí ìwé sú Afeez ní kíláàsì kejì girama, Sànní ló lọ mú un wá sí Èkó. Òun náà ló mú un wọ iléeṣẹ́ onírọ́bà tí wọ́n jọ ń ṣe ní Ìlúpéjú. Yàrá kan ni wọ́n jọ ń gbé ní Oko Ọba, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Wọn ò ní aago níbẹ̀. Òórùn ẹran ló ń jí wọn.

Ẹ̀rọ kẹta ni Sànní ń dúró tì. Ẹ̀rọ yẹn ló ń ṣe bútà. Sànní á máa yangàn pé, "Láti Agége títí dé Kánò, kò sí ẹni tó ń ṣe àlùwàlá tí kò fọwọ́ kan iṣẹ́ ọwọ́ mi. Èrè mi ń bẹ lọ́run. Wọn ò lè gé owó orí nínú ìyẹn."

Àléébù kan ṣoṣo ló ní. Eyín iwájú rẹ̀ méjì lókè ti lọ. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ni. Wọ́n bu eegun ìtàn fún un. Wọ́n ní kó fi sílẹ̀, ó ní ọmọ Oko Ọba kì í fi mùdùnmúdùn sílẹ̀. Ó gé eegun jẹ, eegun náà sì gé òun náà jẹ. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti la ẹnu, atẹ́gùn á gba àlàfo yẹn jáde, á sì máa súfèé. Bó bá pe orúkọ ara rẹ̀, ajá àdúgbò á dìde.

Ọdún mẹ́rin ni kò fi dùn ún. Ìgbà tó rí Munirat ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dùn ún.

Opó ni Munirat. Aṣọ iléèwé ló ń rán ní Agége. Ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí Sànní sọ tẹnu rẹ̀ fún un, Afeez wà níbẹ̀, ó jókòó lórí àpótí, ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Munirat, mo fẹ́ fẹ́ ẹ. Ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀, mo sì gbọ́ fèrè." Kò gbé ojú kúrò lára aṣọ. "Àwọn ará ilé mi ti gbà. Èmi náà gbà. Lẹ́yìn Iléyà, ká so yìgì. Àmọ́ Sànní, wá pẹ̀lú eyín."

"Eyín kẹ̀? Ṣé eyín lo fẹ́ fẹ́ ni?"

"Fọ́tò ni mo ń rò. Nínú fọ́tò yìgì mi àkọ́kọ́, ọkọ mi di ojú. Títí tó fi kú la ò rí òmíràn yà. Ògiri pálọ̀ mi ò lè gba àléébù méjì."

Sànní rẹ́rìn-ín, fèrè dún.

Ọjọ́ kejì ló lọ bá dókítà eyín kan ní Ìlúpéjú. Ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún náírà ni eyín méjì, irin tín-ín-rín á so wọ́n pọ̀. Sànní béèrè bóyá ọba ló ti lo eyín náà rí, tí wọ́n fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Dókítà ò rẹ́rìn-ín.

Owó oṣù Sànní jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjìléláàádọ́rùn-ún náírà. Bó bá yọ owó ilé, bó bá yọ oúnjẹ, bó bá fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ n'Ìjẹ̀bú-Igbó, ohun tó ń ṣẹ́ kù ò lè ra eyín eku. Iléyà sì ku oṣù mẹ́ta àti díẹ̀.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. Ófátáìmù.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyí. Iṣẹ́ á parí ní aago márùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ á dúró títí di mẹ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni lẹ́ẹ̀kan. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń kọ orúkọ sílẹ̀ fún un, ẹni tó bá sì ti kọ orúkọ ò lè jáde láàárín. Sànní ṣírò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ lóṣù, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún. Oṣù mẹ́ta, eyín ti dé, ó tún ku owó tí yóò fi ra ẹran tí yóò fi dán an wò.

Àmọ́ Bàbá Praise wà níbẹ̀.

Reuben ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Praise ni àkọ́bí rẹ̀, orúkọ ọmọ náà ni gbogbo èèyàn fi ń pè é. Ẹ̀rọ kejì ni tirẹ̀. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ ju ẹ̀rọ náà lọ. Ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ, ó sì mọ ìwàásù í ṣe, àgàgà èyí tó dá lórí ófátáìmù.

"Owó oṣù, àkàbà ni," ló sọ fún Sànní. "Bó o bá ṣe ófátáìmù, wàá gùn ún lọ sókè. Ta lo máa bá lókè? Owó orí. Ó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú kùmọ̀. Nígbà tó o bá fi máa sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó ń sùn nílé á ti lówó jù ọ́ lọ."

"Bàbá Praise, ta ló sọ fún yín?"

"Ta ló sọ fún mi? Ojú mi ló rí i! Lọ́dún kejì sẹ́yìn, kí wọ́n tó sọ ọ́ di oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, mo ṣe é oṣù kan gbáko. Owó tí mo gbà kéré sí ti oṣù tí mo fi sùn. Ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Inú Bíbélì mi ló wà, nínú ìwé Jóòbù."

Gbogbo iléeṣẹ́ ló gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́. Àwọn tó ń ṣe ófátáìmù ò ju mẹ́wàá lọ, ojú ẹni tí gbèsè ń lé ni wọ́n sì fi ń wò wọ́n.

Sànní ò sùn dáadáa. Bí kùmọ̀ bá wà lókè àkàbà, eyín ò sí. Bí eyín ò bá sí, kí ló máa sọ fún Munirat? Ó gba ọ́fíìsì owó lọ, Afeez tẹ̀ lé e.

Olúfọlákẹ́ ló ń ṣètò owó oṣù níbẹ̀. Ó kéré sí Sànní, àmọ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni owó ń gbà wá, nítorí náà gbogbo èèyàn ló ń pè é ní Àǹtí. Sànní béèrè ọ̀rọ̀ kùmọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Olúfọlákẹ́ wò ó títí. Ó ní kí Afeez lọ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun kan wá, èyí tó ṣeé rí omi inú rẹ̀. Ó fi bírò fa ìlà sí i lára.

"Ẹ wò ó, Bọ̀ọ̀dá Sànní. Omi tó wà nísàlẹ̀ ìlà yìí, ìjọba ò fọwọ́ kàn án. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin náírà lọ́dún ni ìlà náà, bí òfin tuntun ṣe wí. Èyí tó bá kọjá ìlà, bó bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún náírà, wọ́n á bu mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Owó oṣù yín ti kọjá ìlà tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ófátáìmù, omi yẹn kàn máa ga sí i ni. Nínú èyí tó ga sí i yẹn, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún."

"Wọn ò ní pa dà wá bu tìsàlẹ̀?"

"Wọn ò ní bu tìsàlẹ̀."

"Wọn ò ní da bọ́kẹ́ẹ̀tì nù?"

"Bọ̀ọ̀dá Sànní, ta ló fẹ́ da bọ́kẹ́ẹ̀tì yín nù?"

Ó ṣírò rẹ̀ fún un. Nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, wọ́n á yọ irínwó ó lé àádọ́ta. Ní oṣù kan, ẹgbàá mẹ́wàá ó lé irínwó náírà á wọlé ní mímọ́. Oṣù mẹ́ta, ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún á pé, ó tún lé ẹgbẹ̀fà.

Sànní kọ orúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ń súfèé lọ sí ìdí ẹ̀rọ rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ti eyín. Inú rẹ̀ ló dùn.

Oṣù kìíní parí. Ìwé owó oṣù dé. Ohun tí Olúfọlákẹ́ sọ náà ló wà níbẹ̀, kò yẹ̀. Sànní gba owó. Ó san èyí tó yá lọ́wọ́ Afeez láàárín oṣù pa dà. Ó ka ohun tó ṣẹ́ kù nínú owó ófátáìmù.

Ẹgbẹ̀fà náírà.

Ó tún un kà. Ẹgbẹ̀fà náírà náà ni.

"Bàbá Praise ti pa mí," ló ní. "Kùmọ̀ ti dún."

Wọ́n sọ fún Bàbá Praise lọ́jọ́ kejì. Inú rẹ̀ bà jẹ́ fún Sànní, àmọ́ ìbàjẹ́ inú yẹn ní ìdùnnú nínú. "Mo wí, mo wí!" ló ń pariwo. "Ẹnu àgbà ló gbó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò gbó!"

Àmọ́ Afeez ní páálí kan. Ìdí tó fi ní in ni pé òun ló ń yá Bọ̀ọ̀dá rẹ̀ lówó, kò sì gbàgbé nǹkan. Gbogbo ìgbà tí Sànní bá gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ófátáìmù, ó ti kọ ọ́ sẹ́yìn páálí bútà. Kò mọ ìwé púpọ̀, àmọ́ ó mọ iye tí wọ́n jẹ ẹ́. Ó gbé páálí náà sílẹ̀ láàárín yàrá.

"Lọ́jọ́ ófátáìmù kọ̀ọ̀kan," ló kà á, "ọkọ̀ láti Ìlúpéjú dé ilé, ẹgbẹ̀fà. Oúnjẹ alẹ́, ẹgbẹ̀rún kan. Oògùn ẹ̀fọ́rí, igba náírà."

"Owó orí ńkọ́?"

"Irínwó ó lé àádọ́ta."

"Kí ló wá kù?"

"Àádọ́jọ náírà."

Sànní ka ìka ọwọ́ rẹ̀. "Wákàtí mẹ́rin. Àádọ́jọ náírà." Ó fa páálí mọ́ra. "Nínú gbogbo wọn, ta ló jẹ jù?"

"Ọkọ̀."

"Ta ló tẹ̀ lé e?"

"Oúnjẹ."

"Ìjọba ńkọ́?"

"Ìjọba ló gba ipò kẹta."

"Ipò kẹta!" Sànní dìde dúró. "Òun là ń bú látàárọ̀! A fi olè ńlá méjì sílẹ̀, à ń lé ẹni tó mú èrúnrún!"

Bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ ni gbogbo ẹjọ́ náà. Aago márùn-ún gééré ló ń gbéra, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó ń gbé àwọn tó ń lọ sùn. Ẹni tó bá dúró ṣe ófátáìmù á san owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀, Ìlúpéjú sí Òṣòdì, Òṣòdì sí Agége, kẹ̀kẹ́ sí Oko Ọba. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ lálẹ́ láti san owó ọkọ̀ tí iṣẹ́ alẹ́ fà.

Oúnjẹ ni Sànní kọ́kọ́ kojú. Ó ní láti ìsinsìnyí, ilé ni yóò ti máa gbé e wá. Kò ní abọ́ tó ṣeé dé, owó kúláà sì ga. Iléeṣẹ́ máa ń ta bútà tí kò jáde dáadáa fún àwọn òṣìṣẹ́, ọ̀ọ́dúnrún náírà. Sànní ra ọ̀kan, tuntun, tí ẹnìkan ò tíì lò. Ẹnu rẹ̀ ló wọ́. Ó se ẹ̀wà, ó dà á sínú rẹ̀, ó pa ìdérí dé.

Gbénró ló ń ṣọ́ ẹnu géètì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí bútà kankan má jáde láìní ìwé. Látọjọ́ tó ti dé ẹnu géètì, kò tíì rí bútà tó ń wọlé.

"Kí lẹ gbé?"

"Ẹ̀wà."

"Inú bútà?"

"Ṣé òfin wà pé ẹ̀wà ò gbọdọ̀ ṣe àlùwàlá ni?"

Gbénró ṣí i. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó pa á dé, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ńlá rẹ̀: Sànní, bútà kan, ẹ̀wà wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Sànní ń jáde, Gbénró dá a dúró.

"Ìwé sọ pé bútà àti ẹ̀wà ló wọlé. Mo rí bútà. Ẹ̀wà dà?"

Sànní fi ọwọ́ lu ikùn. "Ọ̀la ló máa jáde."

Báyìí ni oúnjẹ ṣe kúrò nínú páálí. Ẹ̀fọ́rí náà lọ, torí ebi ló ń fà á. Ó ku ọkọ̀.

Sànní gbé páálí náà lọ bá Màdáàmù. Ìyáàfin Olúwafúnkẹ́mi ni, òun ló ń rí sí ọ̀rọ̀ gbogbo òṣìṣẹ́. Sànní ṣàlàyé. Páálí ò ní ìtìjú, Sànní tẹ́ ẹ sórí tábìlì Màdáàmù tó ń dán. Fèrè ń dún lẹ́nu rẹ̀. Màdáàmù ń fi aṣọ ìnujú nu imú tí kò ṣe nǹkan kan.

"Ọ̀gbẹ́ni Sànní, mo gbọ́ yín," ló ní nígbà tó rí ọ̀rọ̀ sọ. "Àmọ́ a ò lè torí èèyàn mẹ́wàá sun epo bọ́ọ̀sì. Ẹ mú orúkọ ọgbọ̀n èèyàn tó máa ṣe ófátáìmù wá kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Bọ́ọ̀sì á pa dà wá ní aago mẹ́sàn-án."

Ọgbọ̀n. Nínú iléeṣẹ́ tí Bàbá Praise ti wàásù fún ọdún méjì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Sànní gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì Olúfọlákẹ́ wọ kantíìnì. Ó da omi sí i, ó fi ọwọ́ han ìlà, ó bu mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, omi ta sí ọbẹ̀ Ràbíátù tó máa ń di bútà sínú páálí, Ràbíátù ṣépè. Àwọn kan ń gbọ́. Bàbá Praise dìde.

"Ẹ wo nǹkan. Ẹnu tí kò léyín ló fẹ́ kọ́ wa ní ìṣirò."

Gbogbo kantíìnì bú sẹ́rìn-ín. Sànní náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bàbá Praise, ẹ mú ìwé yín wá lọ́la. Bí kùmọ̀ bá wà níbẹ̀, èmi náà á jáwọ́ nínú wíwá orúkọ."

Bàbá Praise mú un wá. Ó fi aṣọ funfun wé Bíbélì rẹ̀. Ó ṣí i sí ìwé Jóòbù. Ó yọ ìwé owó oṣù ọdún kejì sẹ́yìn jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni yọ ẹyin lábẹ́ adìẹ. Ìwé náà ti le gbandi. Ìdajì rẹ̀ nísàlẹ̀ ò ṣeé rí.

"Kí ló bò ó báyìí?" Afeez ló béèrè, òun ni wọ́n ní kó kà á.

"Àbẹ́là ni. Nígbà tí mo rí i pé owó ò pé, mo gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Àbẹ́là méje la tàn lé e lórí. Ó kán sí i."

"Ẹ ò wá ka ìsàlẹ̀ rẹ̀?"

"Àbẹ́là àdúrà! Ta ló máa ha àbẹ́là àdúrà?"

"Ẹ jẹ́ kí n ha á."

Bàbá Praise wo òkè. Ó wo àwọn èèyàn. "Fi èékánná ha á. Má fi ọ̀bẹ."

Afeez ha á. Ó pẹ́ díẹ̀. Owó orí kọ́kọ́ yọ, kékeré. Ó tún ha á. Ọ̀rọ̀ míì yọ.

"Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù," ni Afeez kà. "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n náírà."

Àwọn èèyàn na ọrùn sí ìwé náà.

"Bàbá Praise," Sànní bi í, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, "ṣé ẹ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ lọ́dún yẹn?"

Bàbá Praise ń wo ìwé náà bí ẹni tó rí ojúlùmọ̀ níbi tí kò rò. "Fíríjì," ló ní.

"Fíríjì wo?"

"Fíríjì ìyá Praise. Wọ́n ní oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́..."

"Oṣù yẹn gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀."

Ràbíátù ló kọ́kọ́ pariwo. "Yéè! Fíríjì lẹ rà, ẹ wá ń bú ìjọba!"

"Ìjọba náà ò mọ́ o," Bàbá Praise ní, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ọ mọ́. Wọ́n ń lu tábìlì. Ẹ̀rín mú ọkùnrin kan dùbúlẹ̀. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Bàbá Praise na ọwọ́. "Ẹ fún mi ní bírò." Òun ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé orúkọ ọgbọ̀n náà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ní aago mẹ́rin, orúkọ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló wà lórí ìwé. Sànní kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá gbójú sókè, ó wo Afeez.

Afeez ò tíì kọ tirẹ̀. Bọ́ọ̀lù ló máa ń lọ wò lálẹ́.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀."

"N ò wo ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń ka èèyàn ni."

Afeez gba bírò. Ọgbọ̀n pé.

Bọ́ọ̀sì ń dúró láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Inú rẹ̀ ni Sànní ti ń sùn, orí rẹ̀ lórí èjìká Afeez, fèrè ń dún pẹ̀lú gbogbo mímí. Oṣù kejì, owó pé. Oṣù kẹta, owó pé. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ, títí kan ẹgbẹ̀fà oṣù kìíní. Ẹgbẹ̀rún méjìlélógójì ni. Oṣù kìíní tí ọkọ̀ jẹ ló dá ihò yẹn sílẹ̀. Ó ku ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún, Iléyà sì ku ọjọ́ mẹ́wàá.

Sànní ní òun á ra ẹyọ kan. Ó ti béèrè. Ó ní bóun bá dúró ẹ̀gbẹ́ nínú fọ́tò, ẹyọ kan á tó.

Afeez ti ń tọ́jú owó ófátáìmù tirẹ̀ láti fi ra fóònù. Ó ka ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún nínú rẹ̀, ó gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì bọ́ síta kí Bọ̀ọ̀dá rẹ̀ má baà dúpẹ́. Ìyókù ló fi ra fóònù tí ojú rẹ̀ ti sán.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi eyín náà sí i lẹ́nu, Sànní wo dígí títí. Ó ní, "Afeez, eyín ọ̀tún yìí, ìwọ lo ni ín. Bí mo bá fi jẹ ẹran, ìwọ lo jẹ ẹ́. Bí mo bá fi bú èèyàn, ìwọ lo bú u o."

Fèrè lọ. Níbi iṣẹ́, ó ṣe wọ́n ní háà. Wọn ò mọ ìgbà tí Sànní ń bọ̀ mọ́, ó ń ká wọn mọ́ orí fóònù.

Wọ́n so yìgì lọ́sẹ̀ kejì lẹ́yìn Iléyà. Sànní rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lẹ́mọ́mù ń ṣàdúrà, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ikú àti ọjọ́ ìdájọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Fikáyọ̀ tó ń ya fọ́tò bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa ẹnu dé díẹ̀."

"Ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún ni. Jẹ́ kó gba atẹ́gùn."

Nígbà tí fọ́tò jáde, gbogbo eyín Sànní ló hàn, ó funfun báláú. Munirat ló di ojú. Nínú gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbé èyí tó sàn díẹ̀ kọ́ sí pálọ̀. Sànní á máa júwe rẹ̀ fún àlejò. "Èmi ni mo lajú níbẹ̀," ni yóò wí.

Ó kó lọ sọ́dọ̀ Munirat, Afeez jókòó sí Oko Ọba. Oṣù márùn-ún péré ni tọkọtaya náà fi jọ gbé. Lọ́jọ́ Ajé kan, Sànní ní orí ń fọ́ òun, kì í ṣe ti ebi. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru. Lọ́jọ́rú, Afeez mú ìwé owó oṣù lọ bá a lọ́sibítù. Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n sin ín.

Àwọn tó wẹ̀ ẹ́ yọ eyín náà. Wọ́n fi lé Munirat lọ́wọ́ nínú ọ̀rá kékeré. Ó gbé e wá fún Afeez.

"Ó ní ọ̀tún, tìrẹ ni."

Àwọn méjèèjì wò ó. Irin ló so wọ́n pọ̀. Kò ṣeé pín.

"Ẹ máa gbé e pa mọ́, Àǹtí," Afeez ní.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ìwé ófátáìmù tuntun jáde. Bàbá Praise ló ń gbé e kiri. Òun ni oníwàásù rẹ̀ báyìí, ó ti sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì di tirẹ̀. Ó dúró sídìí ẹ̀rọ kẹta. Afeez ni wọ́n ti gbé síbẹ̀.

"Kọ orúkọ rẹ, ọmọ mi. Ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ ó lé àádọ́ta, mímọ́ gaara. Bọ́ọ̀sì wà. Ìjọba ò ní ju bó ṣe yẹ lọ bù. Àkàbà ò sí, kùmọ̀ ò sí."

"Mo mọ̀, Bàbá Praise."

"Ṣé wàá kọ ọ́?"

Afeez gba bírò. Ó wo ìlà tó ṣófo. Ìṣirò náà pé. Ó ti mọ̀ ọ́n lórí, òun ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sẹ́yìn páálí. Ó ń wá ohun tó fẹ́ rà. Ó ronú kan fóònù. Ó ronú kan bàtà. Bútà méjì jábọ́ nídìí ẹ̀rọ, kò tíì rí nǹkan kan.

Ó dá bírò pa dà.

"Ti oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀, Bàbá Praise."

Bàbá Praise la ẹnu, ìwàásù ti dé e lórí ahọ́n. Ó wo ojú Afeez. Ó pa ẹnu dé, ó lọ sídìí ẹ̀rọ kẹrin.

Bọ́ọ̀sì aago márùn-ún ló gbé Afeez. Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tó dé Oko Ọba. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó bu omi sínú ọpọ́n, ó po ọṣẹ sí i. Àwọ̀ búlúù rọ́bà ti wọ ọrùn aṣọ náà. Ó fọ ọrùn rẹ̀. Ó fọ abíyá. Ó da omi àkọ́kọ́ nù, ó bu òmíràn, ó ṣan án. Ó fún un, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì sá a sórí okùn.